Yísà Ṣófolúwẹ̀: Ìtàn Ẹni Tó Ṣọ́ Ẹ̀yìn Wa

   Kì í ṣe ìwàásù ni mo gbé wá lónìí, ìtàn ni. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè. Ta ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Nàìjíríà lọ́jọ́ tí a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1980? Mo mọ̀ pé ẹnu ti ń yún yín: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Ta ló gbá góòlù àkọ́kọ́ wa nínú World Cup wọlé ní 1994, nígbà tí a na Bùlùgáríà ní ayò 3 sí òdo? Ràṣídì Yẹkínì ni. Ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà mọ àwòrán rẹ̀ níbi tó ti di àwọ̀n mú tó ń ké.

Ó dáa. Ta ló wà lẹ́yìn ní 1984 àti 1988, ọdún méjì tí a dé àṣekágbá ife Áfíríkà? Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa dákẹ́. Wọ́n á ní Keshi. Òótọ́ ni, Stephen Keshi wà níbẹ̀. Àmọ́ Keshi nìkan kọ́.

Yísà Ṣófolúwẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tó bá gbá góòlù wọlé, ìtàn á kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ́ kí góòlù wọlé ńkọ́? Ta ló máa kọ tirẹ̀?

Ohun tí ìwé sọ nípa rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n bí i ní 28 December 1967. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní 1983, ó sì gbá a títí di 1988. Ìgbà 40 ló wọ aṣọ àwọ̀ ewé wa. Góòlù 1 ló gbá wọlé nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ tún un kà. Ìgbà 40, góòlù 1. Bí ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù bá rí i, á ní kí wá ni ọkùnrin yìí ṣe? Àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú pápá kò pè é ní ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń pè é ní “Dean of Defence”. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ yunifásítì mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní Dean, ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni pé bí iṣẹ́ ẹ̀yìn bá jẹ́ ẹ̀kọ́, òun ló yẹ kó jókòó sí àga ọ̀gá. Ọmọdé tó tíì wà ní ọdún ìlò bàtà kánfáàsì ni wọ́n fún ní orúkọ bẹ́ẹ̀ o!

Kí ni iṣẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn gan-an? Ẹ wo àwọn ọdẹ aṣọ́de tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru, àti àwọn ọmọkùnrin tó ń sùn sóko nítorí kí màlúù má baà jẹ iṣu àti ẹ̀gẹ́ wa. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí olè kò wá, ta ló ń jí lọ sílé ọdẹ láti lọ dúpẹ́? A ó kàn fọ ẹnu wa, a ó sì bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n kí olè wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo àdúgbò á pariwo pé, “Níbo ni ọdẹ wà?” Bí iṣẹ́ adènà ṣe rí nìyẹn. Ìṣẹ́jú 89 ló lè fi ṣe dáadáa kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀. Bí ó bá yọ̀ ṣubú ní ìṣẹ́jú kan tó kù, òun ni gbogbo ìlú á máa bú dọ́la.

Nígbà náà òfin bọ́ọ̀lù yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òde òní. Bí wọ́n bá ká adènà mọ́, ó lè fi ẹsẹ̀ dá bọ́ọ̀lù padà fún gólì, kí gólì sì fọwọ́ gbé e. Ní 1992 ni wọ́n tó fòpin sí ìyẹn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé iṣẹ́ ẹ̀yìn rọrùn ayé ìgbà yẹn nítorí rẹ̀. Rárá o. Pápá wa kò tẹ́jú, koríko kò sí níbi púpọ̀, bọ́ọ̀lù á ta bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da omi gbóná sí. Ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yára ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbàgbé pé àwa tí a wà ní Òkè-Ògùn nígbà yẹn, etí la fi ń wo bọ́ọ̀lù. Tẹlifíṣọ̀n kò sí nílé gbogbo ènìyàn. Rédíò alágbèéká ni, tí a ó ti sá bátìrì rẹ̀ sí oòrùn láti àárọ̀ kó lè gbé e dé òpin. Gbogbo ilé á kóra jọ yí i ká. Ẹni tó ń ka eré fún wa ni Ernest Okonkwo ti Rédíò Nàìjíríà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ọkùnrin yẹn mọ orúkọ í sọ ènìyàn! Òun ló ń pe Ọdẹ́gbàmí ní “Mathematical”, tó ń pe Christian Chukwu ní “Chairman”. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ga sí i bí bọ́ọ̀lù bá ti ń súnmọ́ ilé wa, ọkàn gbogbo wa á lọ sókè. Lójijì ohùn náà á wálẹ̀, torí pé ẹnì kan ti gba bọ́ọ̀lù kúrò níbẹ̀. Èémí tí a mí kanlẹ̀ nígbà yẹn ni iṣẹ́ Ṣófolúwẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Abiola Babes ti Abẹ́òkúta ni ẹgbẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló ni ín, Abíọ́lá kan náà tí a wá mọ̀ nípa ìdìbò 12 June 1993. Kí ó tó wọ òṣèlú débi yẹn ni àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ti ń pè é ní Òpó Eré Ìdárayá ní Áfíríkà, torí owó tó ń ná sí i. Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ó jó rẹ̀yìn: ó gba Challenge Cup ilẹ̀ wa ní 1985, ó tún gbà á ní 1987. Nígbà tí à ń wí yìí, kò sí líìgì tó ń sanwó gidi fún agbábọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́, báńkì, ìjọba ìpínlẹ̀ àti olówó bíi Abíọ́lá ló ń gbé bùkátà ẹgbẹ́. Bí olówó bá ní ó sú òun, ẹgbẹ́ parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí 1984.

Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí. Ní 31 December 1983 ni àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Shagari, tí Ọ̀gágun Buhari sì dé. Nǹkan le. Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, títò la ń tò fún wọn. Nínú oṣù March 1984 gan-an ni ìjọba gbé ogun ìwà àìlétò kalẹ̀, tí sójà ń fi kóbókò kọ́ ènìyàn ní ìlà títò. Nínú ọ̀fọ̀ àti ìnira yẹn ni ikọ̀ Green Eagles lọ sí Côte d'Ivoire fún ife Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè 8 péré ló ń kópa nígbà náà, ìsọ̀rí méjì, mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sí àyè fún àṣìṣe.

Ọmọ tiwa ló kó wọn lọ: Olóyè Adégbóyè Onígbìndé, olùkọ́ ọmọ Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú àwọn tó kó jọ, Keshi ni balógun wọn. Bí a bá ka ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé, ọmọ ọdún 16 ni Ṣófolúwẹ̀. Ẹ wo ọmọ ọdún 16 tó wà nílé yín lónìí, kí ẹ wá fojú inú wò ó pé ẹ rán an lọ dènà Íjíbítì.

Wọ́n pàdé Íjíbítì lóòótọ́, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ayò 2 sí 2 ló parí sí. Ó di pẹ́nárítì. Wọ́n gbá a, gbá a, Nàìjíríà borí pẹ̀lú 8 sí 7. Inú ìlú tí ebi ń pa dùn!

Ní 18 March, ní Abidjan, wọ́n kojú Kamẹrúùnù nínú àṣekágbá. Múdà Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ní ìṣẹ́jú 10 péré. A ti ń jó. Ṣùgbọ́n N'Djeya dá a padà fún Kamẹrúùnù kí wọ́n tó lọ sinmi. Títí di ìṣẹ́jú 79, ayò 1 sí 1 ni. Lẹ́yìn náà ni Abega, balógun wọn, gbá èkejì wọlé, tí Ebongué sì fi ẹ̀kẹta lé e. Ó di 3 sí 1. Rédíò dákẹ́ nínú yàrá. Fàdákà la mú bọ̀ wálé.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní March 1988, ó tún di Mòrókò. Ìjọba ti yí padà, Babangida ló wà níbẹ̀, SAP ti ń jẹ ìlú ní ìbàdí. Manfred Höner, ọmọ Jámánì, ni kóòṣì. Peter Rufai ni gólì. Yísà Ṣófolúwẹ̀ tún wà nínú ikọ̀ náà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe ìṣirò, torí ìṣirò ẹni tó wà lẹ́yìn ni, kì í ṣe ti iwájú. A na Kẹ́ńyà ní 3 sí òdo. Àwa àti Kamẹrúùnù gbá 1 sí 1. Àwa àti Íjíbítì, òdo sí òdo. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, àwa àti Algeria tún gbá 1 sí 1, a sì fi pẹ́nárítì lé wọn lọ, 9 sí 8. Ẹ kà á pọ̀: eré mẹ́rin, góòlù méjì péré ló wọlé wa. Ẹ̀yìn wa le bí àpáta Òkè Àdó!

Nígbà tó di 27 March, ní Casablanca, Kamẹrúùnù náà ni a tún bá pàdé. Henry Nwosu fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, réfirì tó wá láti Mauritania ní kò wọlé, ó ní ènìyàn wa ti ré kọjá ààlà. Títí di òní olónìí, àwọn àgbà ṣì ń jiyàn lórí góòlù yẹn. Lẹ́yìn ìsinmi, ní ìṣẹ́jú 55, wọ́n fún Kamẹrúùnù ní pẹ́nárítì, Emmanuel Kundé gbá a wọlé. 1 sí òdo. Ó tán.

Ṣé ẹ rí i? Nínú gbogbo ìdíje yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, góòlù 3 péré ló wọlé wa nínú eré 5, pẹ́nárítì sì ni ìkẹyìn nínú wọn. Ẹ̀yìn kò já wa kulẹ̀. Síbẹ̀ náà, fàdákà ni. Lẹ́yìn ìdíje yẹn ni ikọ̀ wa gba orúkọ tuntun, Super Eagles, tí a ń jẹ́ títí di òní.

Ọdún 1988 yẹn náà ni ìwé àkọsílẹ̀ fi parí eré Ṣófolúwẹ̀ fún Nàìjíríà. Bí a bá tún tẹ̀lé ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé, kò tíì pé ọmọ ọdún 21.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀. Ní 1990 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ líìgì tí agbábọ́ọ̀lù ti ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn ọmọ wa ya lọ sí Yúróòpù. Keshi ti ṣáájú wọn, ó ti kọjá sí Bẹ́ljíọ̀mù láti 1986, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Lokeren àti Anderlecht. Ní April 1994, ní Tunis, Nàìjíríà na Sámbíà ní 2 sí 1, a sì gba wúrà tí a ti ń wá láti 1980. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, a wà ní World Cup ní Amẹ́ríkà. Ilé, ilẹ̀, mọ́tò, oyè, ìran 1994 rí i gbà. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún un, n kò bínú sí wọn.

Ṣùgbọ́n ìran 1984 àti 1988 ni afárá tí wọ́n gùn kọjá. Àwọn ló mú kí gbogbo Áfíríkà mọ̀ pé kì í ṣe torí pé a gbàlejò ní Èkó ni a fi gba ife 1980, pé a lè lọ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn ká sì dé àṣekágbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rẹ̀ kí owó tó dé. Ẹni tó gbin kaṣú, tó kúrò lóko lọ́dún tó kù kí ó so, ẹ̀yin àgbẹ̀ ilé wa mọ bó ṣe máa ń rí lọ́kàn.

Ní February 2021 ni a tún gbọ́ orúkọ Ṣófolúwẹ̀ lẹ́nu ilé iṣẹ́ ìròyìn gbogbo. Àìsàn ló gbé e dé. Ọsibítù LUTH ní Èkó ló wà, àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù rí sì ń ké sí ọmọ Nàìjíríà pé kí wọ́n dìde ìrànwọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ké ni ọlọ́jọ́ ti dé. Ọjọ́ Tuesday, 9 February 2021, ló jáde láyé, ọmọ ọdún 53.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú ń kọ “Dean of Defence” kiri. Wọ́n ń kọ ọ́ pé akọni ni, pé kò sí irú rẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí kì í ṣe ohun ìyangàn, ẹ̀sùn ni. A ti sọ ọ́ di àṣà pé ká pa ìyìn mọ́ sínú àpótí títí di ọjọ́ òkú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹlòmíràn wé e, kí ẹ lè rí i pé kò di dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni Christian Chukwu náà, òun ni balógun tó gbé ife 1980 sókè ní Sùúrùlérè. Ní 2019, àìsàn dé sí òun náà, ariwo sọ pé owó ìtọ́jú kò sí. Oníṣòwò Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá dìde, ó gbé owó ìtọ́jú náà, wọ́n gbé Chukwu lọ sí London. Ó padà wálé, ó sì tún lo ọdún mélòó kan sí i kó tó dágbére fáyé ní April 2025. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó yẹ kí ẹ̀mí ẹni tó jẹ́ balógun orílẹ̀-èdè so rọ̀ mọ́ bóyá olówó kan gbọ́ ìròyìn lọ́jọ́ náà? Bí Ọ̀tẹ́dọlá kò bá sí nílé ńkọ́? Sójà ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Olùkọ́ ń gbà á, bó tilẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó fi eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ sin ìlú ní ìgbà 40, kí ni tirẹ̀? Ìjọba ni kí ó dáhùn ìyẹn, àti àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n àwa náà ní èyí tó wà lọ́wọ́ wa, torí ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Kò sí ìlú kan ní Òkè-Ògùn níbí tí kò ní ẹni tó ṣọ́ ẹ̀yìn rí fún ẹgbẹ́ ìlú, fún ilé ẹ̀kọ́, fún ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n wà láàárín wa. Òmíràn ń gun ọ̀kadà, òmíràn ń fi ọ̀pá rìn torí orúnkún tó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n mọ ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ, ó lọ pẹ̀lú wọn nìyẹn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá mọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró dé ìgbà tí wọ́n bá ní ó wà ní ọsibítù. Èkejì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù yín dára, ẹ bi í léèrè, ẹ ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀: ọdún wo ni, ta ni ẹ gbá, ta ni ẹ jọ wà lẹ́yìn? Ẹ̀kẹta, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ yín ní bọ́ọ̀lù, ẹ má kọ́ ọ ní góòlù gbígbá nìkan. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó dúró lẹ́yìn tí ilé kò fi wó, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Yísà Ṣófolúwẹ̀ gbá góòlù 1 wọlé fún Nàìjíríà. Mélòó ni kò jẹ́ kó wọlé wa? Kò sẹ́ni tó kà á. Àmọ́ àwa tí a gbọ́ ohùn Okonkwo tó ń wálẹ̀ nínú rédíò, tí a sì mí kanlẹ̀, a mọ̀ pé ó pọ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì tọ́jú àwọn tó fi sílẹ̀.

Ta ni ẹni tó ṣọ́ ẹ̀yìn ní ìlú tiyín, tó ṣì wà láyé? Ẹ lọ bá a lónìí. Ire o.